Ṣaworo afẹ́fẹ́ láti inú àlòkù ilé: ta ló ti ṣe é rí ní ilẹ̀ wa níbí?

Ọmọ Òwé
Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Iwájú ilé wa ní Kábà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí atẹ́gùn máa ń gbà kọjá dáadáa. Mo fẹ́ so ṣaworo afẹ́fẹ́ síbẹ̀, àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí wọ́n máa ń so rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà nínú fíìmù, tí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, wọ́n á máa dún. Èyí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti wọ́n jù, àlòkù sì kún ilé. Ohun tó wà nílẹ̀: ṣíbí àtijọ́, ìdì kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni ò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí mọ́, agolo mílíìkì, ìgò, ìkarahun ìgbín ńláńlá, àti áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n tí bàbá mi ò jẹ́ ká jù nù láti ìgbà tí a ti ra díìṣì. Mo so ṣíbí àti kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sórí igi láti dán an wò. Wọ́n ń ró o, àmọ́ ohùn wọn kì í pẹ́. Á ní "kẹ̀" báyìí, ó ti tán. Èyí tó máa dún lọ rére ni mo ń wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Ìyàrá
Àwọn ọmọ mi fi ìdérí ìgò mínírà ṣe tiwọn. Wọ́n fi ìṣó lu ú, wọ́n sín in sókùn bí ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n kùn ún lọ́dà. Ó dùn-ún wò gan-an. Etí ni kò rí nǹkan kan gbọ́ 😂

Wẹ́dà Ìsánlú
Àbúrò, o ní áńtẹ́nà nílẹ̀, o wá ń da ṣíbí láàmú? Áńtẹ́nà yẹn gan-an ni ṣaworo rẹ. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni.

Ọ̀pá alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe apá áńtẹ́nà wọ̀nyẹn. Ó ṣófo nínú, ara rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì le. Tú u kúrò lára igi rẹ̀, gbá ike tó wà lẹ́nu rẹ̀ yọ, kí o wá fi okùn gbé ọ̀kan sókè, kí o fi ìpọnkọ ọbẹ̀ lù ú jẹ́jẹ́. Wàá gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀pá kọ́tìnnì onírin náà dára, bí kò bá tíì dípẹtà. Páìpù ike tí wọ́n fi ń fa omi, má wulẹ̀ dá ara rẹ lágara, kò ní ohùn. Bàbà inú fíríìjì dára jù, ohùn rẹ̀ nípọn. Àmọ́ àwọn oníkọ̀ndẹ́ẹ̀mù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i mọ́. Kí fíríìjì tó kú tán ni wọ́n ti ń dúró lẹ́nu géètì.

Ayùn irin ni kí o fi gé e. Fi fáìlì pa ẹnu rẹ̀ kó má bàa gé ọmọ lọ́wọ́.

Ọmọ Òwé
@Wẹ́dà Ìsánlú Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Mo ti dán an wò ní kíá. Ó dún o! Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo di okùn mọ́ ọn lẹ́nu pinpin, tí mo tún lù ú, ohùn náà kú. Ọ̀pá kan náà o. Kí ló fà á?

Olùkọ́ Físíìsì (Mọpà)
Ibi tí ẹ di okùn sí ló fà á, kì í ṣe ọ̀pá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ohùn ṣaworo wọn.

Ọ̀pá tí a lù láàárín kì í jókòó jẹ́. Àárín rẹ̀ á tẹ̀ síhìn-ín, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ sọ́hùn-ún, wọ́n á tún pààrọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò lè rí i, etí ló ń gbọ́ ọ. Níbi tí àárín ti ń lọ tí ẹnu sì ń bọ̀, ojúkò méjì wà lára ọ̀pá náà tí kì í mì rárá. Tí ẹ bá pín gígùn ọ̀pá sí ọgọ́rùn-ún, ojúkò kọ̀ọ̀kan wà ní 22.4 láti ẹnu. Ọ̀pá 50 sẹ̀ǹtímítà, ẹ wọn 11.2 láti òkè. Ọ̀pá 40, ẹ wọn 9. Ibẹ̀ ni kí ẹ lu ihò sí, kí okùn gba inú rẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì. Okùn tó bá wà níbi tí kì í mì kò ní nǹkan kan tó máa gbá mú. Èyí tó wà lẹ́nu pinpin, ibi tó fẹ́ gbọ̀n jù lọ ló dì mú.

Ìdí kan náà ni ohun tó ń lù ú fi yẹ kó bá a láàárín gbùngbùn, torí àárín ń gbọ̀n púpọ̀.

Ẹ̀gbẹ̀ Ni Mo Wà
Ẹ̀yin tíṣà wa! Ṣé ti ṣíbí náà 22.4 ni?

Olùkọ́ Físíìsì (Mọpà)
Rárá. Ṣíbí kò dọ́gba, orí rẹ̀ wúwo ju ìrù lọ, nítorí náà kò sí ìṣirò kan tó bá gbogbo ṣíbí mu. Ìka ni kí ẹ fi wá a. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ mú un fẹ́rẹ́, ẹ lù ú, ẹ sún ìka síwájú díẹ̀, ẹ tún lù ú. Ní ibì kan, ìró náà á ṣàdédé gùn. Ẹ fi bírò sàmì síbẹ̀. Fọ́ọ̀kì, ọbẹ, sípánà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Sípánà ògbólógbòó lè yà yín lẹ́nu o.

Wẹ́dà Ìsánlú
Sípánà! Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mi ni orin. Mi ò mọ̀.

Ọmọ Òwé
Tíṣà, ìbéèrè kan ló kù. Gígùn wo ni kí n gé wọn? Mo fẹ́ kí wọ́n bára mu, kó má dà bí ìgbà tí àwo ń fọ́ ní kíṣìnì.

Olùkọ́ Físíìsì (Mọpà)
Ohùn márùn-ún péré ni kí ẹ lò: dò, rè, mì, sò, là. Ẹ fi fà àti tì sílẹ̀. Olórin ló mọ èyí tó yẹ kó tẹ̀lé èyí. Afẹ́fẹ́ kò mọ̀ ọ́n, èyí tó bá wù ú ló máa lù. Nínú ohùn márùn-ún yìí, èyíkéyìí tó bá bá èkejì pàdé, wọn ò ní jà.

Tí ọ̀pá tó gùn jù bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, àwọn tó kù á jẹ́ 47.2, 44.5, 40.8 àti 38.6. Ó gba ọ̀pá tó lé díẹ̀ ní mítà méjì àti ogún sẹ̀ǹtímítà lápapọ̀. Ó ṣe pàtàkì kó jẹ́ irú ọ̀pá kan náà ni gbogbo wọn, fífẹ̀ kan náà, nínípọn kan náà. Bí ẹ bá da ọ̀pá áńtẹ́nà pọ̀ mọ́ ti kọ́tìnnì, ìṣirò mi ti bàjẹ́ nìyẹn, kí ẹ má wá bú mi.

Tí ẹ bá ṣàkíyèsí, ẹ ó rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni mo gé kúrò. Ọ̀pá kì í ṣe bíi okùn gìtá. Tí ẹ bá gé okùn gìtá sí méjì, ó máa gbọ̀n ní ìlọ́po méjì. Tí ẹ bá gé ọ̀pá sí méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló máa gbọ̀n. Láti dé dò òkè, 35.4 ti tó. Nítorí náà kí ẹ kọ́kọ́ gé e gùn díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kí ẹ wá máa fi fáìlì fá a. Ẹ lè fá kúrò, ẹ ò lè fá padà.

Ẹ̀gbẹ̀ Ni Mo Wà
Nípa ibi tí wọ́n máa so gbogbo rẹ̀ mọ́ lókè: asẹ́ ìrẹsì alumíníọ̀mù tí ìdí rẹ̀ ti ya. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ihò ti wà lára rẹ̀ yíká, wọ́n dọ́gba, ẹ ò nílò dírílì. Mo da tèmi dojú dé, mo fi okùn mẹ́ta gbé e kó má bàa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ń lu àwọn ọ̀pá, mo gba àjákù pákó ìrókò lọ́wọ́ káfíńtà, mo ní kó gé e róbótó bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ni mo so rọ̀. Ìdérí yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbá, òun ló wá ń fa pákó kiri. Láìsí i, àfi kí ìjì jà kí nǹkan náà tó dún.

Ọ̀dọ́ Odò-Èrè
Mo ti fi àwo CD dípò ìdérí pẹ́ńtì. Ó ń tàn yinrinyinrin tí oòrùn bá yọ. Àwọn adìyẹ ò fẹ́ràn rẹ̀.

Okùn ńkọ́? Ọ̀rá tí mo lò ò dé ọdún kejì tó fi já.

Wẹ́dà Ìsánlú
Oòrùn ló jẹ ẹ́. Okùn ọ̀rá kankan kì í bá oòrùn ilẹ̀ wa ṣọ̀rẹ́. Okùn ìwọ̀ àwọn apẹja lágbára díẹ̀ sí i, àmọ́ òun náà, ọjọ́ ló ń kà.

Ọ̀dọ́ Odò-Èrè
Wáyà inú bíréèkì ọ̀kadà ńkọ́? Àwọn mẹkáníìkì ń jù ú nù lójoojúmọ́.

Wẹ́dà Ìsánlú
Kò ní já, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n irin ni, alumíníọ̀mù sì rọ̀ ju irin lọ. Bó ṣe ń mì síwá sẹ́yìn, ayùn ló máa dà sínú ihò yẹn, títí ọ̀pá á fi bọ́ lulẹ̀. Bó o bá fẹ́ lò ó, wá ike inú bírò, èyí tí íńkì máa ń wà nínú rẹ̀. Fọ̀ ọ́ mọ́, gé e kó gùn ju fífẹ̀ ọ̀pá lọ díẹ̀, tì í gba inú ihò méjèèjì kọjá, kí wáyà wá gba inú ike náà. Fi fáìlì yí ẹnu ihò ká kó o tó ti ike bọ̀ ọ́, torí ihò tí dírílì ṣẹ̀ṣẹ̀ lu máa ń mú. Wáyà bíréèkì tún máa ń ya bí irun lẹ́nu tí wọ́n bá ti gé e. Tẹ òjé lé e, tàbí kó o fi iná yọ́ ike dí i, kó má bàa gún ọ.

Bàbá Àgbà Ògìdì
Ẹ kú ìjókòó o. Láti àárọ̀ ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ti sọ̀rọ̀ irin, ẹ sọ̀rọ̀ okùn, ẹ sọ̀rọ̀ dò-rè-mì. Kò sẹ́ni tó bi Ọmọ Òwé léèrè ohun tó fẹ́ fi ìkarahun ìgbín ńláńlá yẹn ṣe.

Ọmọ mi, ìkarahun ìgbín, bàtà tó ti gbó, àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo, tí o bá so wọ́n rọ̀ sórí okùn kan níwájú ilé, ààlè lo pa. Ará ọ̀nà kò ní dúró gbọ́ orin, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì ló máa gbà. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí a bá rí i nídìí ọsàn ẹnìkan, ebi ì báà pa wá kú, a ò ní fọwọ́ kan ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹni tó pa á lè má sí nítòsí, ó lè ti lọ sí Ìbàdàn. Ìkarahun tó ti ṣófo, bàtà tí kò sí ẹsẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́, kí ni ẹ rò pé wọ́n ń sọ fún olè?

Mi ò ní kó o má so ó o. Mo kàn ní kó o mọ̀ pé àwọn èèyàn máa kà á.

Ọmọ Òwé
Bàbá, ẹ ṣé o, kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo fẹ́ fi sílípáàsì àtijọ́ so mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ máa gbá a, ẹ ò rí i báyìí! Àmọ́ igi máńgòrò kan wà lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lóòótọ́, àwọn ọmọ àdúgbò kì í jẹ́ kó pọ́n. Ọ̀rọ̀ yín ti ń dá mi lọ́kàn le.

Bàbá Àgbà Ògìdì
Ha! Ọmọ ayé òde òní ò bẹ̀rù ààlè mọ́. Wọ́n á ká máńgòrò, wọ́n á sì fi ìkarahun rẹ gbá bọ́ọ̀lù.

Ìyá Ìbejì Ìyàrá
Bàbá ò parọ́ rárá. Ìyá kan nínú ìjọ wa wá kí mi, ó rí ìdérí ìgò àwọn ọmọ lójú fèrèsé, ó ní, "Sístà, ta ló so nǹkan yìí fún yín?" Mo ní àwọn ìbejì ni. Ó wò wọ́n, ó wò mí. A kúnlẹ̀ gbàdúrà kó tó mu omi.

Olùkọ́ Físíìsì (Mọpà)
Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní irú rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ ṣe, tintinnabulum ni wọ́n ń pè é, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n sì ń so ó sí láti lé ohun búburú jìnnà. Àwọn ará Jàpáànù ní fūrin, agogo gíláàsì kékeré tí ìwé pẹlẹbẹ so rọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìgbà ooru ni wọ́n máa ń so ó, torí tó bá ti dún, wọ́n mọ̀ pé atẹ́gùn ti dé.

Àgbẹ̀ Búnú
Ẹ̀yin ń wá orin, èmi ariwo ni mò ń wá. Ní oko ìrẹsì, agolo tòmátò ni tiwa. Lu ihò sí ìdí agolo, fi okùn so ìṣó gbọọrọ kan sínú rẹ̀ kó máa fi ara kan ẹ̀gbẹ́, so ike pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ìṣó náà. Atẹ́gùn gbá ike, ìṣó lu agolo, ẹyẹ fò lọ. Tó bá ti tó ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ti mọ̀ pé kò sẹ́nìkan níbẹ̀, wọ́n á bà lé orí agolo fúnra wọn. Nítorí náà à ń ṣí i kiri oko. Ọmọ tó ní kànnàkànnà lọ́wọ́ ṣì dára jù ú lọ.

Ará Lọ́kọ́ja
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ní gílóòbù gígùn, àwọn funfun tó máa ń wà ní ọ́fíìsì, wọ́n ti kú, wọ́n tó páálí kan. Wọ́n gùn, wọ́n ṣófo, gíláàsì ni wọ́n. Ṣé wọn ò ní dún dáadáa?

Olùkọ́ Físíìsì (Mọpà)
@Ará Lọ́kọ́ja Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Mẹ́kúrì wà nínú wọn. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá fi ọ̀kan lu èkejì tó fọ́, èéfín mẹ́kúrì yẹn lẹ máa fà símú, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Ẹ fi wọ́n sínú páálí wọn, kí wọ́n má fọ́. Ẹ̀yin tó kù, agolo oògùn ẹ̀fọn, ẹ má lu ihò sí i láéláé, kódà bó bá jọ pé ó ti ṣófo. Gáàsì tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ lè bú.

Ará Lọ́kọ́ja
Ẹ ṣé o. Ìgò ni n ó lò nígbà yẹn.

Ẹ̀gbẹ̀ Ni Mo Wà
Ìgò dára, ṣùgbọ́n má gé e bí o kò bá nídìí. Ìgò ìkunra àti ti oògùn kékeré, so wọ́n lọ́rùn bí wọ́n ṣe wà. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó bo ojú, kó fi sáńpépà àti omi pa ẹnu rẹ̀, torí eruku gíláàsì kò yẹ nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ìyá Ìbejì Ìyàrá
Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀yin ọkùnrin ò tíì sọ: òru. Ìgbà ọyẹ́, atẹ́gùn lè máa fẹ́ lóru títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ ronú sí aládùúgbò tó ń tọ́ ọmọ tuntun. Ìdè kékeré kan ni kí ẹ ṣe síbẹ̀, kí ẹ máa ká pákó àárín náà sókè tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Ẹ̀gbẹ̀ Ni Mo Wà
Àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ ń ké títí di ọ̀gànjọ́, ṣaworo ni wọ́n máa wá gbọ́?

Ìyá Ìbejì Ìyàrá
Jẹnẹrétọ̀ máa ń gbẹ epo. Ta ló fẹ́ gbẹ atẹ́gùn?

Ọmọ Òwé
😂😂 Mo ti gbọ́, màmá. Ó ku ìjì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa yí ilé ká lọ́nà méjì, mo lè so ó sí iwájú tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ìjì òjò àkọ́rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí orí páànù ilé ẹlòmíì.

Àgbẹ̀ Búnú
Wo ibi tí wọ́n ti ń wá. Ìjì oṣù kẹta sí ìkẹrin, ìlà-oòrùn ló ti máa ń ṣú bọ̀. Ọyẹ́, láti àríwá ìlà-oòrùn. Atẹ́gùn ìgbà òjò, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, òun ló sì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ jù. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan bá kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ ni kí o so ó sí; ara ilé fúnra rẹ̀ á dí ìjì lójú. Bí ojú ọ̀run bá ti dúdú lápá Lọ́kọ́ja, sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọ Òwé
Ẹ̀gbẹ́ nìyẹn. Ọpẹ́ o.

Ẹ tún gbà mí o: áńtẹ́nà bàbá mi, mo ti gé ọ̀pá mẹ́ta nínú rẹ̀, èyí tó kù ti wọ́, kò tó. Ta ló ní áńtẹ́nà tí kò lò mọ́?

Gbẹ̀dẹ̀ Gidi
Mo kàn ń kà á lọ ni láti òkè. Méjì wà lórí òrùlé wa ní Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó bá lè gun òkè ni kó wá mú un, ọ̀fẹ́ ni.

Wẹ́dà Ìsánlú
Kí ẹnikẹ́ni tó fa òpó áńtẹ́nà kan wálẹ̀, kó kọ́kọ́ wo ibi tí wáyà NẸ́PÀ gbà. Òpó gígùn yẹn, tó bá yẹ̀ lọ́wọ́ yín tó kan wáyà, kò ní sí àlàyé. Ẹ má sì gùn ún nígbà tí òjò bá ń ṣú.

Gbẹ̀dẹ̀ Gidi
Wáyà wà lápá ọ̀tún ilé, áńtẹ́nà wà lápá òsì. Ó jìnnà síra wọn.

Ọmọ Òwé
Ṣé àkàbà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n?

Gbẹ̀dẹ̀ Gidi
Àkàbà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló ń mì. Mú ẹnìkan dání tó máa dì í mú. Sátidé, kí oòrùn tó mú.

Ọ̀dọ́ Odò-Èrè
Mo ń bọ̀. Áńtẹ́nà kejì, tèmi ni o.